Ìtọ́wò Kì í Ṣe Oúnjẹ

Ajégúnlẹ̀, Àpápá.
Ọjọ́ 17, oṣù Kìíní, 1988

Kaothar,

Fọláyọ̀ tó ń gbé yàrá ìkángun ló ń bá mi kọ lẹ́tà yìí, akọ̀wé tó ń ṣiṣẹ́ ní Warehouse Road. Ó ní kí n kọ́kọ́ béèrè àlàáfíà rẹ. Mo béèrè. Ó ní kí n béèrè bóyá òtútù ń mú ọ. Òtútù ń mú gbogbo ẹni tó bá wà níbẹ̀, kí ni mo tún fẹ́ béèrè? Wọ aṣọ.

Gbogbo wa wà. Omi ẹ̀rọ kò tíì yọ láti ọjọ́ ọdún. Ìsọ̀ mi ní Wharf Road wà níbi tí o fi í sí, àwọn awakọ̀ kéréènì àti àwọn tó ń kó ẹrù ní èbúté ṣì ń wá jẹ ìrẹsì àti ẹ̀wà lọ́dọ̀ mi. Ejiro ṣì ń bá mi ṣiṣẹ́. Ọmọbìnrin Urhobo náà lágbára, ṣùgbọ́n ẹnu rẹ̀ kò mọ iyọ̀, n kò sì jẹ́ kó fọwọ́ kan ìkòkò mi àfi tó bá fẹ́ fọ̀ ọ́.

Ohun tí mo torí rẹ̀ kọ̀wé nìyí. Egbò kan wà ní ìka ẹsẹ̀ mi ọ̀tún, èyí tó tẹ̀ lé àtàǹpàkò. Garawa omi ló já lù ú. Mo fi omi gbígbóná àti iyọ̀ sí i, kò gbọ́. Fọláyọ̀ fipá mú mi lọ sí ọsibítù. Wọ́n gba ìtọ̀ mi, wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ mi, wọ́n ní ìtọ̀ ṣúgà ni. Mo ní èmi kì í lá ṣúgà. Wọ́n ní kì í ṣe ṣúgà inú tíì nìkan ni ṣúgà. Dókítà ní bí ti inú ẹ̀jẹ̀ mi kò bá wálẹ̀, egbò náà kò ní jinná, bí kò bá sì jinná, àwọn yóò gé ìka náà kó má baà kó bá gbogbo ẹsẹ̀. Ó sọ ọ́ bí ẹni tó fẹ́ gé èékánná.

Wọ́n fún mi ní oògùn oníhóró, wọ́n sì ní kí n lọ rí ọmọbìnrin kan tó ń jẹ́ Ebiere. Iṣẹ́ tirẹ̀ ni pé kó máa sọ ohun tí aláìsàn yóò jẹ fún un. Mo bi í pé, "Ṣé nítorí èyí ni wọ́n ṣe ń sanwó fún ọ?" Ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, Màmá." Mo ní ọmọ ọmọ mi wà ní ìlú òyìnbó, ohun tí òun náà ń kọ́ nìyẹn. Títí dòní n kò tíì mọ bí mo ṣe lè ṣàlàyé fún àwọn ará ilé wa ní Ìsẹ́yìn pé ọmọ wọ bàlúù lọ kọ́ oúnjẹ jíjẹ.

Ebiere ní kí n máa fi ife wọn ìrẹsì, kí ẹ̀bà mi má ju ẹ̀ṣẹ́ mi lọ, kí n má mu mílíìkì alágolo mọ́. Ìwọ wí tìrẹ. Ẹ̀yin méjèèjì, ta ni kí n gbọ́ tirẹ̀?

Èmi ni, ìyá tó bí bàbá rẹ,
Sìfáwù.


Kádíìfù, Wales.
Ọjọ́ 9, oṣù Kejì, 1988

Ìyá Àgbà mi,

Mo kúnlẹ̀ kí yín láti ibi tí mo wà. Ẹ kú ìrora ẹsẹ̀, ẹ kú iṣẹ́ ìsọ̀. Nígbà tí mo ka lẹ́tà yín, n kò lè jẹun alẹ́. Mo mọ̀ pé ẹ óò ní ta ló rán mi pé kí n má jẹun.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fojú sí ọ̀rọ̀ yìí. Ẹ fi ìrẹsì àti ẹ̀bà sílẹ̀ pátápátá. Kí ẹ̀wà àti ẹ̀fọ́ di oúnjẹ yín láàárọ̀, lọ́sàn-án, lálẹ́. Mi ò mọ ibi tí Ebiere yẹn ti kọ́ tirẹ̀, ṣùgbọ́n ife ìrẹsì kan ti pọ̀ jù.

Mo tún ní ẹ̀bẹ̀ kan. Ìwádìí kan wà tí mo gbọ́dọ̀ ṣe kí n tó gba ìwé ẹ̀rí. Ìwé ńlá kan wà níbí tí wọ́n kọ gbogbo oúnjẹ sí pẹ̀lú ohun tó wà nínú rẹ̀. Búrẹ́dì wọn wà níbẹ̀ lóríṣiríṣi. Mo wá mọ́ínmọ́ín, kò sí. Mo wá ìrẹsì àti ẹ̀wà bí ẹ ṣe ń sè é, kò sí. Olùkọ́ mi, Ìyáàfin Pritchard, ní kí n ṣe ti ilé wa kí ó lè wà. Ẹ bá mi sọ ìwọ̀n gbogbo ohun tí ẹ ń kó sínú ìkòkò fún Fọláyọ̀, kó kọ ọ́: ẹ̀wà, epo, ata, iyọ̀.

Ọmọ yín,
Kaothar.


Ajégúnlẹ̀, Àpápá.
Ọjọ́ 6, oṣù Kẹta, 1988

Kaothar,

Lẹ́tà rẹ dé. Ìwọ ní kí n fi ìrẹsì sílẹ̀, Ebiere ní kí n wọ̀n ọ́n. Nítorí náà mo mú lẹ́tà náà dání lọ sí ọsibítù, Fọláyọ̀ sì kà á fún un. Ebiere kì í ṣe Yorùbá, ṣùgbọ́n Ajégúnlẹ̀ ni wọ́n bí i sí, ó gbọ́ èdè wa jù ọ́ lọ. Nígbà tí Fọláyọ̀ kà á dé ibi tí o ti ní o kò mọ ibi tó ti kọ́ tirẹ̀, ó tẹ́tí dáadáa. Ó wá ní, "Màmá, ṣé ọmọ yín ti parí ẹ̀kọ́ ni?" Mo ní ó kù díẹ̀. Ó ní, "Ẹ bá mi kí i. Ẹ sọ fún un pé èmi ni mò ń rí ẹsẹ̀ yín."

Ọ̀rọ̀ yẹn wù mí. Tirẹ̀ ni mo ń ṣe.

Àmọ́ òun náà ti fẹ́ máa bà mí nínú jẹ́. Bí mo bá ti dé, á gbé mi gun òṣùwọ̀n bí àpò kòkó, á wá ní, "Kí lẹ jẹ lánàá?" Mo sọ fún un: ẹ̀kọ kan àti mọ́ínmọ́ín láàárọ̀, ìrẹsì ife kan lálẹ́ pẹ̀lú ẹja. Ọ̀sán ńkọ́? Mo ní ta ló ráyè jẹun ọ̀sán nídìí ìkòkò. Ó kọ ọ́ sílẹ̀, ó wo èsì ẹ̀jẹ̀ mi, ó tún wò mí. Ó ní oúnjẹ tí mo kà yẹn kò lè gbé ṣúgà ga tó báyìí. Ọmọ tí mo lè bí ìyá rẹ̀ ń wò mí bí òpùrọ́. Mo ní kó wá kùn mí bí ẹja bó bá rò pé mo gbé oúnjẹ pamọ́ sínú.

Ní ti ìwọ̀n tí o béèrè: ìrẹsì àti ẹ̀wà, kọ́ńgò ni mo fi ń rà wọ́n, ìyẹn rọrùn. Epo, títí yóò fi tó. Iyọ̀, títí yóò fi dùn. Bí o bá fẹ́ mọ bí mo ṣe ń mọ̀, mo máa ń bu ú sí àtẹ́lẹwọ́ ni, mo tọ́ ọ wò, mo fi kún un, mo tún un tọ́ wò. Kọ ìyẹn sínú ìwé ńlá wọn.

Egbò náà ṣì tutù. Má dààmú nítorí rẹ̀ kó o má baà fìdí rẹmi.

Sìfáwù.


Kádíìfù, Wales.
Ọjọ́ 28, oṣù Kẹta, 1988

Ìyá Àgbà mi,

Ẹ kú ìfaradà. Mo dọ̀bálẹ̀ pẹ̀lú pé obìnrin ni mí, nítorí ìtìjú bá mi. Mo sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ fún Ìyáàfin Pritchard, mo rò pé yóò bá mi dá Ebiere lẹ́bi. Èmi ló bá wí. Ó ní iṣẹ́ wa ní òfin tirẹ̀: a kì í fi lẹ́tà tọ́jú ẹbí ẹni, a kì í sì í ba ọ̀rọ̀ ẹlẹgbẹ́ ẹni jẹ́ lójú aláìsàn. Ó ní aláìsàn tó bá ń gbọ́ ohùn méjì kì í gbọ́ ọ̀kankan. Ẹ bá mi fún Ebiere ní ìwé kékeré tó wà nínú àpòòwé yìí. Mo fi bẹ̀ ẹ́ ni.

Ààwẹ̀ kù sí dẹ̀dẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ béèrè lọ́wọ́ Ààfáà Hussein, aláìsàn bíi tiyín kò gbọdọ̀ gbà á.

Ohun tó kù, ẹ má bínú sí mi. Ṣé ó dá yín lójú pé gbogbo ohun tí ẹ ń jẹ ni ẹ ń sọ fún un? Kì í ṣe pé mo ní ẹ parọ́. Ènìyàn lè gbàgbé.

Ọmọ yín,
Kaothar.


Ajégúnlẹ̀, Àpápá.
Ọjọ́ 20, oṣù Karùn-ún, 1988

Kaothar,

O kú ìtúnu ààwẹ̀. Mo ti gbàgbé oúnjẹ tí mo jẹ, gẹ́gẹ́ bí o ti wí, ṣùgbọ́n n kò gbàgbé lẹ́tà rẹ.

Ààfáà Hussein ní kí n má gba ààwẹ̀, kí n máa bọ́ tálákà dípò rẹ̀. Mo ṣe bẹ́ẹ̀. O mọ̀ pé n kì í dáná ọ̀sán ní Wharf Road nínú ààwẹ̀, yálà Mùsùlùmí ló fẹ́ rà á tàbí Kìrìsìtẹ́nì. Mo ti ìsọ̀, Ejiro lọ bá ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ta aṣọ, èmi jókòó sílé bí ìyàwó tuntun. Ẹ̀kọ àti mọ́ínmọ́ín láàárọ̀, ife ìrẹsì lálẹ́, bí mo ti ń ṣe é tẹ́lẹ̀. Tó bá di ìrọ̀lẹ́, mo máa ń se oúnjẹ ìṣínu fún àwọn ará ilé, n kì í sì í gbé ìtọ́wò mì nínú oṣù ààwẹ̀. Mo ń tu ú dànù, bí n kò tilẹ̀ gba ààwẹ̀. Ọ̀wọ̀ oṣù ni.

Mo wá padà lọ sí ọsibítù. Ṣúgà ti wálẹ̀. Ebiere fọwọ́ lu tábìlì, ó ní, "Màmá, kí lẹ ṣe?" Mo ní ohun tí mo ti ń ṣe látijọ́ tí ẹ̀yin méjèèjì fi ń pè mí lópùrọ́ ni. Egbò náà ti gbẹ, ojú rẹ̀ ti ń pa. Ebiere ti tọrọ àforíjì. Ìwọ ló kù.

Mo ti ṣí ìsọ̀ padà lánàá. Dickson, awakọ̀ kéréènì tó máa ń jẹ ìlọ́po méjì, ní ebi ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pa òun. Ikùn rẹ̀ kò jọ bẹ́ẹ̀.

Sìfáwù.


Ajégúnlẹ̀, Àpápá.
Ọjọ́ 26, oṣù Kẹfà, 1988

Kaothar,

Àforíjì rẹ kò tíì dé. Kó dúró ná.

Egbò náà ti tún tutù, ó sì ti ń rùn. Ṣúgà ti fò sókè ju bó ti wà lọ. Mo fi Kùránì búra fún Ebiere pé ife ìrẹsì kan náà ni, ẹ̀kọ kan náà ni. Ó gbà mí gbọ́ lọ́tẹ̀ yìí, ìyẹn ló sì bà á lẹ́rù, nítorí kò mọ ohun tó kù tó lè yọ kúrò nínú oúnjẹ mi. Dókítà kò bá mi sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ó ní títí ìparí oṣù Kẹjọ. Bí ó bá ṣì wà báyìí nígbà náà, àwọn yóò gé e.

Fọláyọ̀ ń nu ojú bó ti ń kọ ọ́. Èmi kò sunkún. Ṣùgbọ́n n óò sọ òótọ́ fún ọ. Ìyá Obiora tó máa ń ta búrẹ́dì lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi tẹ́lẹ̀, ìka ni wọ́n kọ́kọ́ gé fún òun náà. Lẹ́yìn náà wọ́n gé ẹsẹ̀. Orí àga ló wà báyìí lẹ́nu ọ̀nà ilé ọmọ rẹ̀, ó ń kí gbogbo ẹni tó ń kọjá. Èmi kò lè jókòó máa kí ènìyàn. Orí ẹsẹ̀ mi méjèèjì ni mo ti ń ṣe iṣẹ́ mi láti ìdájí.

O ní oúnjẹ lò ń kọ́. Kí ni wọ́n kọ́ ọ nípa èyí?

Sìfáwù.


Kádíìfù, Wales.
Ọjọ́ 14, oṣù Keje, 1988

Ìyá Àgbà mi,

Ẹ foríjì mí. Mo kọ ìyẹn síwájú kí ẹ tó ka ohun tó kù, nítorí ó lè tún bí yín nínú.

Mo tẹ́ gbogbo lẹ́tà yín sílẹ̀ lórí ibùsùn. Mo ń wá ohun tó yàtọ̀ nínú ààwẹ̀. Ẹ̀kọ kò yàtọ̀, ìrẹsì kò yàtọ̀, oògùn kò yàtọ̀. Ìsọ̀ ló yàtọ̀. Nínú ààwẹ̀ ẹ kò sí nídìí ìkòkò ọ̀sán, èyí tí ẹ sì tọ́ wò nírọ̀lẹ́, ẹ tu ú dànù.

Ìyá Àgbà, Ebiere bi yín ní ohun tí ẹ jẹ, ẹ sì sọ ọ́. Kò sẹ́ni tó bi yín ní ohun tí ẹ tọ́ wò. Ìdí ìkòkò yẹn ni mo dàgbà sí. Mo rí i tí ẹ ń bu ẹ̀wà sí àtẹ́lẹwọ́ nígbà tó bá rọ̀, nígbà tí ẹ bá fi iyọ̀ sí i, nígbà tí epo bá wọlé, nígbà tí oníbàárà kan bá ní kò dùn tó. Ìrẹsì bẹ́ẹ̀. Dòdò bẹ́ẹ̀, ẹ máa ń jẹ orí rẹ̀ tó bá jóná díẹ̀. Ẹ sì máa ń họ ìrẹsì tó gan mọ́ ìdí ìkòkò, ẹ ní kò ṣe é tà. Mo se ìrẹsì níbí, mo bu ú sí àtẹ́lẹwọ́ mi bí ẹ ti ń ṣe é, mo gbé e sórí òṣùwọ̀n. Ìtọ́wò yín lójúmọ́ ju oúnjẹ alẹ́ yín lọ.

Mo ti kọ̀wé sí Ebiere. Kì í ṣe láti pàṣẹ fún un, mo sọ ohun tí mo rí fún un ni, kí òun fúnra rẹ̀ yẹ̀ ẹ́ wò. Ṣùgbọ́n ohun tí mo ń bẹ̀ yín fún nìyí: ẹ jẹ́ kí Ejiro máa tọ́ ọ wò.

Ọmọ yín,
Kaothar.


Kádíìfù, Wales.
Ọjọ́ 20, oṣù Kẹjọ, 1988

Ìyá Àgbà mi,

N kò gbọ́ nǹkan kan. Mo ń lọ wo àpótí lẹ́tà kí n tó fọ ojú. Mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ Ejiro ló dùn yín. Bí ẹ bá ń bínú, ẹ bú mi nínú lẹ́tà, n óò kà á tayọ̀tayọ̀. Ọjọ́ tí dókítà dá ti kù díẹ̀. Kí Fọláyọ̀ kọ gbólóhùn kan péré sí mi: ó wà, tàbí wọ́n ti gé e.

Kaothar.


Ajégúnlẹ̀, Àpápá.
Ọjọ́ 4, oṣù Kẹsàn-án, 1988

Kaothar,

Fọláyọ̀ ní kí n sọ pé ilé ìfìwéránṣẹ́ ló dá lẹ́tà dúró. Irọ́ ni. Mo bínú ni.

Ó wà. Gbọ́ ìyẹn ná, kí o jókòó, kí o tó ka ìyókù.

Nígbà tí lẹ́tà rẹ dé, mo ní kí Fọláyọ̀ dá a padà sínú àpòòwé. Láti kékeré ni mo ti mọ̀ pé ìtọ́wò kì í já ààwẹ̀ alásè. Ohun tí Ọlọ́run kò kà sí oúnjẹ, ìwọ ọmọ àná wá kà á sí oúnjẹ. Mo dìde, mo lọ bá Ààfáà Hussein kó lè bá mi dá ọ lẹ́jọ́. Ó ní lóòótọ́, kì í já ààwẹ̀. Inú mi dùn. Ó wá ní, "Ìyá, ṣé ẹ máa ń tu ú dànù?"

Mo ní, "Nínú ààwẹ̀, mo máa ń tu ú dànù."

Ó ní, "Lẹ́yìn ààwẹ̀ ńkọ́?"

Mo ní, "Ta ní í tu oúnjẹ tó dùn dànù?"

Ó ní, "Ẹ ti dá ara yín lẹ́jọ́, ẹ máa lọ sílé." Ó sì padà sídìí tẹ̀súbáà rẹ̀.

N kò tíì gbà. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ kejì Ebiere dé sí ìsọ̀ pẹ̀lú abọ́ kan lọ́wọ́. Ó fi ọjọ́ ìsinmi rẹ̀ wá, ó jókòó sórí àpótí. Ó ní òun kò ní kí n má tọ́ nǹkan wò. Ohun tí òun ń fẹ́ ni pé ìgbàkúùgbà tí mo bá bu nǹkan sẹ́nu, kí n bu irú rẹ̀ gan-an sínú abọ́ òun. Mo ní kò burú, ohun tí kò tó ẹnu ẹyẹ, kí ni yóò ṣe fún abọ́. Mo ń ṣiṣẹ́ mi. Mo tọ́ ẹ̀wà wò, mo bu sí abọ́. Mo tọ́ ìrẹsì wò, mo bu sí i. Dòdò, orí rẹ̀ kan sẹ́nu, orí rẹ̀ kan sínú abọ́. Nígbà tó yá, n kò rántí pé ó wà níbẹ̀ mọ́, Ejiro ló ń bá mi bù ú sí i. Ẹ̀yìn ìgbà tí èrò ọ̀sán lọ ni Dickson dé. Ó rí abọ́ náà, ó ní, "Mama, who get this one?" Ó ti ń wá ibi tí yóò jókòó tì í. Mo ní èmi ni mo ni ín. Abọ́ náà kún, orí rẹ̀ ga bí òkìtì. Oúnjẹ ọkùnrin tó ń ru àpò sìmẹ́ńtì ni.

Ebiere kò bá mi wí. Ó ní, "Màmá, ẹ kò purọ́. Èmi ni n kò mọ ìbéèrè." Mo ní kó gbé abọ́ rẹ̀ kúrò níbẹ̀ kí eṣinṣin tó kó bò ó. Dickson ló jẹ ẹ́.

Mo pe Ejiro, mo kó ṣíbí lé e lọ́wọ́. Kaothar, ó le. Mo dúró, mo ká ọwọ́ sẹ́yìn bí ọmọ tí wọ́n ní kó má fọwọ́ kan nǹkan. Mo ní, "Iyọ̀ ńkọ́?" Ó ní, "Mama, e never reach." Mo ní, "Ṣé ó dá ọ lójú?" Ó ní kí n tọ́ ọ wò. Mo ní kó má dán mi wò. Ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, iyọ̀ pọ̀ débi pé àwọn ọkùnrin èbúté mu gbogbo omi mi tán, ọ̀kan ní ṣé inú òkun la ti ń sè é ni. Mo bú Ejiro, ó bú mi padà ní èdè tirẹ̀, a tún jọ bẹ̀rẹ̀. Mo fi imú ṣiṣẹ́, mo fi ojú ṣiṣẹ́, mo ń gbọ́ bí ẹ̀wà ṣe ń hó. Ẹnu mi ni n kò lò.

Ọjọ́ tí dókítà dá pé. Ebiere ló wọlé tẹ̀ lé mi. Dókítà tú aṣọ egbò, ó tẹ ibẹ̀, ó gbóòórùn rẹ̀, ó wo ìwé ẹ̀jẹ̀. Ó ní kí wọ́n fi ìka náà sílẹ̀. Kò tíì jinná tán, ṣùgbọ́n ó ti gbẹ, ẹran pupa ti ń hù níbẹ̀. Ó ní kí n padà wá ní oṣù Kọkànlá. Ó fẹ́ mọ oògùn tí mo lò, mo ní kó bi Ebiere, òun ló gbé abọ́ wá.

Èyí tó kù ni n kò fẹ́ sọ, ṣùgbọ́n Fọláyọ̀ ti mọ̀, yóò kọ ọ́ bí n kò bá sọ ọ́. Lánàá, Dickson jẹun tán, ó tún béèrè sí i. Ó ní, "Mama, the food sweet pass before o." Àwọn tó jókòó tì í ní bẹ́ẹ̀ ni, àwọn náà ti rí i láti bí ọjọ́ mélòó kan. Ejiro kọjú sí ìkòkò, kò wò mí, ejìká rẹ̀ nìkan ni mo rí tí ẹ̀rín ń mì. Láti ìgbà tí n kò tíì bí bàbá rẹ ni ẹnu mi ti wà lórí oúnjẹ yẹn.

Ó dùn mí. Mo wo ẹsẹ̀ mi nílẹ̀, gbogbo ìka rẹ̀ pé. Mo ní kí ẹni tó kàn gbé abọ́ rẹ̀ wá.

Sìfáwù.